Ta Ni Ó Ni Àkókò Ọ̀dọ́langba? Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Montessori láti Amsterdam dé Ohio

Ìfáárà

Orúkọ Montessori kò ṣàjèjì ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ó wà lára pátákó ilé-ìwé aládàáni púpọ̀, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí orúkọ náà sábà máa ń mú wá sí ọkàn ni ọmọ ọdún 3 tàbí 4 tí ó jókòó sórí ẹní, tí ó ń to igi wẹ́wẹ́ léra wọn láìsí pé olùkọ́ ń pàṣẹ fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé èyí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: nígbà tí ọmọ náà bá di ọmọ ọdún 12 ńkọ́? Ṣé òmìnira tí a fún un láti yan iṣẹ́ rẹ̀ ní kékeré yóò bá a dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí agogo, àtẹ àkókò àti ìdánwò ìjọba ti ń jọba?

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìdáhùn tí ìtàn fún ìbéèrè náà. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ girama Montessori kò ti inú ìwé olùdásílẹ̀ ètò náà jáde bí ọmọ ṣe ń ti ara ìyá jáde. Ilé ni ó kọ́kọ́ dìde, ìwé ni ó tẹ̀lé e. Àwọn òbí àti olùkọ́ ní Amsterdam ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1930. Ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ni Maria Montessori tó tẹ èrò tirẹ̀ nípa ọ̀dọ́langba jáde, ohun tí ó sì kọ kò jọ ohun tí wọ́n ti kọ́. Láti ìgbà náà ni ìfàmọ́ra ti wà láàárín àwòrán méjì: ilé-ẹ̀kọ́ inú ìlú tí ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí, àti ilé-ẹ̀kọ́ inú oko tí ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé. Kókó kan ṣoṣo ni ó so àwọn àwòrán méjèèjì pọ̀: ta ni ó ni àkókò ọ̀dọ́langba, òun fúnra rẹ̀, òbí rẹ̀, tàbí ìjọba?

Ohun tí Montessori rí ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1870 ni a bí Maria Montessori ní ìlú Chiaravalle, ní Ítálì. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Róòmù nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní 1883, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ tí a fi Michelangelo Buonarroti sọ lórúkọ. Láti 1886 sí 1890, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ju ìyẹn lọ, èyí tí a fi Leonardo da Vinci sọ lórúkọ. Ọmọkùnrin ni ó pọ̀ jọjọ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n ń múra wọn sílẹ̀ fún, iṣẹ́ yìí kan náà sì ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ó yí ọkàn padà sí iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì Róòmù ní 1896.

Àlàyé yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé nígbà tí Montessori bẹ̀rẹ̀ sí bẹnu àtẹ́ lu ilé-ẹ̀kọ́ girama, kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ibi tí kò dé. Ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti jókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀, kí olùkọ́ kan wọlé kí òmíràn jáde, kí a fi ìṣirò sílẹ̀ bọ́ sí èdè, kí a fi èdè sílẹ̀ bọ́ sí ìtàn, láìsí okùn kankan tí ó so wọ́n pọ̀. Ìwé kíkà àti àkàsórí ni ẹ̀kọ́. Ìdánwò sì ni òpin ohun gbogbo.

Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907, ó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù, láàárín àwọn tálákà tí òbí wọn ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé ọmọdé tí a bá fún ní ohun èlò tí ó bá a mu, tí a sì jẹ́ kí ó yan iṣẹ́ rẹ̀, lè fi ọkàn sí iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́ láìsí pàṣán àti láìsí ẹ̀bùn. Láti inú ìrírí yìí ni ó ti pín ìdàgbàsókè ènìyàn sí ìpele mẹ́rin, ọdún mẹ́fà mẹ́fà: láti ìgbà ìbí dé ọdún 6, láti 6 dé 12, láti 12 dé 18, àti láti 18 dé 24. Ìpele kẹta, tí í ṣe ti ọ̀dọ́langba, ni ó wí pé ó gbẹgẹ́ jù lẹ́yìn ti ọmọ jòjòló. Ara ń yí padà, ọkàn ń dà rú, àárẹ̀ sì máa ń tètè mú ọpọlọ. Èyí kò bá ìṣe ayé mu, nítorí pé àkókò yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ń di ẹrù ìwé tí ó wúwo jù lé ọmọ lórí.

Amsterdam, 1930

Họ́láńdì ni ètò Montessori ti rí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ọdún 1917 ni a dá ẹgbẹ́ Montessori ti orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé: láti ìgbà náà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn aládàáni tàbí ìjọ ẹ̀sìn bá dá sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìjọba bákan náà pẹ̀lú èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìlànà ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lè kó òbí jọ, kí ó mú òfin ṣẹ, kí ó sì gba owó ìjọba. Irú ètò bẹ́ẹ̀ mú kí ó ṣòro fún ilé-ìwé Montessori láti di ohun ìní ọlọ́rọ̀ nìkan níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé wọ̀nyí kò ní ṣàì dàgbà. Bí wọ́n ti ń parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀ fún wọn, ìyẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo ènìyàn ń lọ, níbi tí ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń yan iṣẹ́ yóò ti padà kọ́ bí a ṣe ń dúró de àṣẹ. Láti dí àlàfo yìí ni a fi dá Montessori Lyceum Amsterdam sílẹ̀ ní 1930, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Montessori àkọ́kọ́ ní àgbáyé, tí ó sì wà títí di òní. Ní Họ́láńdì ìgbà náà, lyceum ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pa ẹ̀ka méjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan: ẹ̀ka tí ń kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì, àti ẹ̀ka tí ń kọ́ èdè òde òní pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn yunifásítì, ìdánwò sì ni kọ́kọ́rọ́ wọn.

Ibi yìí ni àdéhùn àkọ́kọ́ ti wáyé. Àwọn olùdásílẹ̀ kò lè sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ìdánwò, nítorí pé òbí tí ó fẹ́ òmìnira fún ọmọ rẹ̀ fẹ́ ìwé-ẹ̀rí fún un pẹ̀lú. Nítorí náà, a kò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òmìnira lórí ohun tí yóò kọ́. Òmìnira tí a fún un jẹ́ ti ìgbà tí yóò kọ́ ọ, bí yóò ṣe yára tó, ẹni tí yóò jókòó tì, àti ìgbà tí yóò pe olùkọ́. Ọ̀nà ni ó jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ọ̀nà ń lọ jẹ́ ti ìjọba.

Bí ìgbésí ayé ṣe rí nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ hàn láti inú ètò rẹ̀. A pín iṣẹ́ ọdún sí ìgbà díẹ̀díẹ̀, a sì kọ iṣẹ́ tí ó wà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i ṣáájú. Ní àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àyàn, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pinnu bóyá yóò wọ yàrá ìṣirò tàbí yàrá èdè Faransé. Nínú yàrá náà, olùkọ́ kì í dúró níwájú pátákó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ó ń dáhùn ìbéèrè, ó ń wo iṣẹ́ tí ó parí. Ẹni tí ó ti mọ nǹkan lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n, láìsí pé a kà á sí ìwà jìbìtì. Ìjábọ̀ tí a fi ọ̀rọ̀ kọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan níye lórí ju ipò tí ó gbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan tí àwọn olùkọ́ Montessori ní Họ́láńdì sọ di àkọmọ̀nà wọn ṣe àkópọ̀ gbogbo rẹ̀: kí a ran ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dá a ṣe.

Ìṣòro kan wà nínú ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun èlò tí Montessori ṣe fún àwọn ọmọdé máa ń fi àṣìṣe hàn fúnra rẹ̀: bí a bá to igi náà lọ́nà òdì, ojú ọmọ yóò rí i. Kò sí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ fún èdè Látìn tàbí ìtàn Yúróòpù. Pépà ni ó gba ipò igi. Iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ yìí jọ ìlànà tí Helen Parkhurst, ará Amẹ́ríkà tí ó ti bá Montessori ṣiṣẹ́ rí, gbé kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú Dalton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní nǹkan bí 1920. Nínú ìlànà Dalton, akẹ́kọ̀ọ́ gba iṣẹ́ oṣù kan bí ẹni tí ó gba iṣẹ́ àgbàṣe, ó sì pín àkókò rẹ̀ sí i bí ó ti wù ú. Ọmọ tí ó mọ àkókò lò ń jèrè nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń fi òní dọ́la, tí ó ń fi ọ̀la dọ̀tunla, ọjọ́ ìdánwò ni yóò mọ̀. Ọ̀rọ̀ àkókò ti di kókó ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Oko tí Montessori rò, tí kò kọ́

Ní ìgbà tí àwọn ará Amsterdam ń ṣe èyí, èrò Montessori fúnra rẹ̀ ń gba ibòmíràn lọ. Ọrọ̀-ajé ayé ti dojú dé láti 1929. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ń rìn kiri láìríṣẹ́. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń ṣèlérí, pé ẹni tí ó bá kàwé kò ní rí ìyà, kò ṣẹ mọ́. Ogun abẹ́lé lé Montessori kúrò ní Barcelona ní 1936, ó sì fi Họ́láńdì ṣe ibùgbé. Ní 1939, a tẹ àlàyé rẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orúkọ kan tí ó yá láti inú èdè Jámánì: Erdkinder, ìyẹn ni àwọn ọmọ ilẹ̀.

Ohun tí ó dábàá níbẹ̀ kì í ṣe lyceum. Ó ní kí a mú àwọn ọ̀dọ́langba kúrò nínú ìlú, kí wọ́n lọ gbé ní ìgbèríko láàárín ara wọn pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà díẹ̀, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n sì tọ́jú ilé àlejò tí àwọn òbí lè wá dé sí. Kí wọ́n ní ìsọ̀ ní ìlú tí ó súnmọ́ wọn, níbi tí wọn yóò ti máa ta ohun tí wọ́n bá kó jáde láti oko. Kí wọ́n ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti lè tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì lò ó. Owó tí ó bá wọlé láti inú iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ owó gidi, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kò tí ì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa owó kò tí ì mọ iye tí òun jẹ́ láwùjọ.

Kì í ṣe pé Montessori fẹ́ sọ gbogbo ọmọ di àgbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé oko ni ìpìlẹ̀ ọ̀làjú, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí ohun jíjẹ ṣe ń ti inú ilẹ̀ dé ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ ìtàn ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ kẹ́míkà, ìṣirò owó àti òfin ìbágbépọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ ìyàtọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fi sáàárín ẹni tí ń fi orí ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀dá tí kò pé ni àwọn méjèèjì bí ọ̀kan kò bá mọ ti èkejì. Èrò yìí kò ní ya Yorùbá tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu. Bí ọmọdé bá tó lọ́kọ́, à á fún un lọ́kọ́: ọjọ́ tí a fún un ní ọkọ́ ni àwùjọ jẹ́wọ́ pé ó ti wúlò. Ohun tí Montessori ń bèèrè ni irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yúróòpù, ẹni tí a ń kó ìwé fún láti ọdún 12 dé 18 láìsí pé ẹnikẹ́ni nílò ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Kò kọ́ oko náà. Ní 1939, ó lọ sí Íńdíà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Mario. Ogun ká wọn mọ́ ibẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi Mario sí àtìmọ́lé fún ìgbà díẹ̀ ní 1940 nítorí pé ọmọ Ítálì ni. Ọdún 1946 ni wọ́n tó padà sí Yúróòpù. Ní 1948, àlàyé nípa àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tún jáde nínú ìwé rẹ̀ lédè Faransé nípa ìrìnàjò láti ìgbà èwe dé ìgbà ọ̀dọ́langba. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1952 ni ó jáde láyé ní Noordwijk, ní etíkun Họ́láńdì. Ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ìrìnàjò lọ sí Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, wà nínú ohun tí ó ń gbèrò: ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ níbẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò rí i, bí ayé kò ṣe rí oko rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba gba àkókò náà

Bí ìdánwò bá jẹ́ ọ̀nà pẹ̀lẹ́ tí ìjọba ń gbà nawọ́ sí àkókò akẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1930 sí 1945 fi ọ̀nà tí kò ní àánú hàn. Montessori fúnra rẹ̀ kò mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1924, ó gba àtìlẹ́yìn Mussolini, ìjọba náà sì ná owó sórí àwọn ilé-ìwé rẹ̀ ní Ítálì. Ìyá ètò òmìnira àti bàbá ìjọba afipá-ṣèlú jókòó sídìí àwo kan náà fún ọdún bíi mẹ́wàá. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ìjọba fẹ́ kí olùkọ́ búra, kí ọmọ wọ aṣọ ẹgbẹ́, kí ilé-ìwé di ilé ìmúra ogun. Ní 1934, àjọṣe wọn tú ká, a sì ti àwọn ilé-ìwé náà. Ní Jámánì, ìjọba Hitler ti dojú ìjà kọ àwọn ilé-ìwé Montessori bákan náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ogun Jámánì wọ Họ́láńdì. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1941, àṣẹ jáde pé àwọn ọmọ Júù kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ọmọ yòókù jókòó ní kíláàsì mọ́. Kò sí ilé-ìwé tí àṣẹ yìí yọ sílẹ̀. Ìlànà òmìnira kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ìtàn ọmọ kan jẹ́ kí a rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Anne Frank, tí a bí ní Frankfurt ní 1929, wọ ilé-ìwé Montessori kẹfà ní Amsterdam ní 1934. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti lè rìn, tí wọ́n ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, bá ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Margot, lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Nígbà tí Anne tó ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ ní 1941, àṣẹ ìjọba ni ó yan ibi tí yóò lọ: lyceum tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Júù nìkan ni ó wọ̀. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó ròyìn bí olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀ ṣe fi àròkọ jẹ ẹ́ níyà nítorí ọ̀rọ̀ àsọjù, àti bí òun ṣe sọ ìyà náà di àwàdà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí. Kò tó ọdún kan níbẹ̀ kí ìdílé rẹ̀ tó fara pamọ́ ní oṣù Keje ọdún 1942. Láti ìgbà náà, ó kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nínú àkámọ́, pẹ̀lú ìwé àti ìrànlọ́wọ́ bàbá rẹ̀, títí a fi wá kó wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944. Ó kú ní àgọ́ Bergen-Belsen ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Ní 1957, a sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

A kò lè fi ìtàn yìí yin ètò ẹ̀kọ́ kan, kí a sì fi tàbùkù òmíràn. Ohun tí ó kọ́ òpìtàn ni pé òmìnira tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fún ọmọ kò kọjá ibi tí ìjọba fà á dé. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi àkókò lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ni ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti rí i gbà.

Nígbà tí òmìnira di àṣẹ

Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Montessori pọ̀ sí i ní Họ́láńdì. Òfin ńlá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968 tún gbogbo ẹ̀kọ́ girama tò: ọ̀nà ọdún mẹ́fà wà fún àwọn tí ń lọ sí yunifásítì, ọ̀nà ọdún márùn-ún wà fún àwọn tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́-ọwọ́ àti iṣẹ́ òwò, àwọn ọ̀nà kúkúrú sì wà pẹ̀lú. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Montessori gba ètò náà bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń jókòó fún ìdánwò orílẹ̀-èdè kan náà, ní ọjọ́ kan náà, lórí ìbéèrè kan náà. Àdéhùn 1930 kò yí padà.

Ohun tí ó yí padà ni ìhà tí ìjọba kọ sí ọ̀nà yìí. Ní ìparí ọdún 1990 sí 1999, ìjọba ṣe àtúnṣe sí ọdún ìkẹyìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì gbà á níyànjú pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ di ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá kẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń ṣètò àkókò ara rẹ̀, tí olùkọ́ sì jẹ́ amọ̀nà. Lójú ẹni tí ó mọ ìtàn, ohun tí ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣe láti 1930 ni a fẹ́ pín fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ sí ìlú The Hague láti fi ẹ̀hónú hàn sí ẹrù iṣẹ́ tí ó wúwo jù fún wọn lábẹ́ ètò tuntun náà, ìfẹ̀hónúhàn náà sì di rògbòdìyàn.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yan iṣẹ́ láti ọdún 3 ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ bí a ṣe ń lo àkókò kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí a jí ní ọdún 15, tí a wí fún pé láti òní lọ ó ti di olúwa àkókò rẹ̀, tí a sì pọ̀ iṣẹ́ lé e lórí lọ́jọ́ kan náà, ẹrù ni yóò ka òmìnira náà sí. Òmìnira tí a fi àṣẹ pín láìsí ìtọ́ni kò yàtọ̀ sí àìbìkítà lójú ẹni tí a pín in fún.

Oko ní Ohio

Ó gbà tó ọgọ́ta ọdún kí oko tí Montessori rò tó ní àpẹẹrẹ tí gbogbo àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ní 2000, ilé-ẹ̀kọ́ Montessori kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Hershey Montessori School, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ inú oko ní Huntsburg. David Kahn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú oko náà, àwọn mìíràn ń ti ilé wá.

Nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń bí ẹ̀kọ́. Ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ jẹun ní òwúrọ̀, yálà ọmọ jí dáadáa tàbí kò jí dáadáa. Ẹni tí ń tọ́jú ilé oyin yóò kọ́ ìmọ̀ nípa kòkòrò àti òdòdó. Nígbà tí oyin bá dé ìgò, yóò kọ́ bí a ṣe ń dá iye lé ọjà, bí a ṣe ń yọ owó tí a ná kúrò nínú owó tí ó wọlé, àti bí a ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lórí ohun tí a ó fi èrè ṣe. Agogo kò pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àkókò òun jẹ́ ti òun nìkan. Ebi ẹran, òjò àti ọjọ́ ọjà ni olúwa àkókò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti agogo ni pé ọ̀dọ́ lè rí ìdí àṣẹ wọn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Síbẹ̀, oko náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, yunifásítì ṣì ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí, nítorí náà àdéhùn Amsterdam tún padà wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: bí ọmọ ti ń sún mọ́ ọdún 18 ni iṣẹ́ oko ń fàyè sílẹ̀ fún ìmúra ìdánwò. Lọ́nà kejì, ilẹ̀, ilé àti olùtọ́jú ń ná owó púpọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí òbí ń san owó rẹ̀ sì ni. Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tálákà San Lorenzo dé òkè tán, ó ku àwọn tí òbí wọn lè san owó ìgbèríko. Họ́láńdì, níbi tí owó ìjọba ti dé, ní lyceum ṣùgbọ́n kò ní oko. Ohio ní oko ṣùgbọ́n owó ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ni orúkọ Montessori lónìí. Ní 1967, nígbà tí ẹgbẹ́ méjì ń du orúkọ náà ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àmì òwò níbẹ̀ dá a pé orúkọ ọ̀nà ẹ̀kọ́ kan ni, gbogbo ènìyàn ni ó lè lò ó. Nítorí náà, pátákó kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ilé fún òbí. Ìtàn tí a tọ́ka sí yìí fún un ní òṣùwọ̀n tí ó sàn ju orúkọ lọ. Kí ó bèèrè ibi tí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 wà láàárín agogo méjìlá àti agogo méjì ọ̀sán, ẹni tí ó yan ohun tí ó ń ṣe ní àkókò náà, àti ẹni tí yóò pàdánù nǹkan bí kò bá ṣe é.

Láti 1930, ilé-ẹ̀kọ́ girama Montessori kò rí ọ̀nà àbáyọ kúrò lọ́wọ́ ìdánwò, ìjọba àti owó. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi hàn, ní Amsterdam àti ní Huntsburg, pé láàárín àwọn alágbára mẹ́ta yìí, ọ̀dọ́langba lè ní wákàtí díẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀, bí a bá ti kọ́ ọ láti kékeré bí a ṣe ń lò wọ́n, tí iṣẹ́ tí ó fi wọ́n ṣe sì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn nílò. Ní ilẹ̀ tí orúkọ náà ti pọ̀ lára ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́, tí ó sì ṣọ̀wọ́n lára ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí ọ̀dọ́ púpọ̀ ti ń jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí láìríṣẹ́ bí ti Yúróòpù ọdún 1930, ìwádìí lórí bí ọ̀dọ́langba ṣe ń lo àkókò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Àwọn ọmọ tí ń to igi wẹ́wẹ́ lórí ẹní ní Èkó àti Ìbàdàn lónìí yóò pé ọdún 12 láìpẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà wọ́n ni yóò sọ bóyá òmìnira ìgbà èwe wọn jẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí eré lásán.